Òwú tí Mo Fi Wọn Kẹ̀kẹ́

Ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lábẹ́ Kàdúná, tí a di Kwara, ni ọkọ mi ra kẹ̀kẹ́ onígíà. Irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ru iṣu. Bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe nígbà náà, ó fi ọ̀rá wé irin náà kí ọ̀dà má bàa bó.

Ìdè, òrùka irin tó di wáyà gíà mọ́ irin kẹ̀kẹ́, wá já. Èmi ni mò ń lọ sọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi ni wọ́n ní kí n rà á. Mo fi òwú yí irin po, mo ta kókó síbi tó pàdé. Lọ́jà, mo fi òwú mi dán ìdè wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá a mu ni mo mú.

Kò pẹ́, àbúrò ọkọ mi fẹ́ lọ rí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Ìsánlú-Ìsin. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí a wé bí ọmọ tuntun kò yẹ òun, ó bó ọ̀rá náà dànù. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdè yọ̀, wáyà kọ́ sípókù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó fi ojú gbálẹ̀, eyín iwájú méjì kán.

Bó ti wọlé, ó ní ìdè tí mo rà ló gbé òun ṣubú, ó fa wáyà náà yọ, ó fi ń nà mí. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọkọ ni nínú ilé. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo ti ń kí i káàbọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn mi là.

Ọkọ mi ti oko dé, ó rí mi. Ó rí wáyà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó gbá àbúrò rẹ̀ ṣubú, ó tẹ orúnkún mọ́ ọn láyà, ó gbé àdá sókè. Mo mọ̀ pé bí àdá yẹn bá balẹ̀, ilé tú nìyẹn, èmi ìyàwó ni wọn yóò sì ní mo tú u. Mo dùbúlẹ̀ lé ẹni tó nà mí lórí. Àdá ti ń bọ̀. Ó yà, ó gé orí ìka mi kan lọ.

Mo ní, “Ẹ gbọ́, ọkọ mi. Orí ọ̀rá ni mo ti wọ̀n ọ́n; bó ti bó ọ̀rá, ìdè kò há mọ́. Àṣìṣe tèmi ni.”

“Ṣé torí àṣìṣe ló ṣe ha ẹ̀yìn rẹ bí iṣu?”

“Ẹ kò lè fi àdá tún un ṣe.”

Ó ju àdá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo wọn irin náà ní ìhòòhò rẹ̀, láìsí ọ̀rá. Mo mú ìdè tó há, tó ní ẹsẹ̀ kékeré tó ń yí, tí kò ju bọ́tìnnì lọ, tí wáyà ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ìka mi tó gé kò jẹ́ kí n lè fún un mọ́ irin. Àbúrò ọkọ mi ló kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, ó ń fún un, èmi ń fi ibi tó dẹ̀ hàn án.