Páwà Páàkì Tó Wúwo Jù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ ayẹ̀wò òṣùwọ̀n fún ìjọba. Ilé ìtajà dé ilé ìtajà ló máa ń lọ, láti mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ọjà ń purọ́. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wojú ọ̀run ná. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi sọ ọ́ ní Kò-Dá-Mi-Lójú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà bá a délé.

Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára aṣọ. Orí kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ, ló ti máa ń ya òdòdó àti ewé, kí ẹ̀rọ tó fi òwú kọ wọ́n sórí aṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà náà dún "táà", ó kú. Aṣọ oníbàárà mẹ́fà sì wà nílẹ̀.

Tọkọtaya náà gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ. Obìnrin náà tú u, ó gbóòórùn inú rẹ̀, ó ní:

"Páwà páàkì rẹ̀ ló jó. Àpótí irin tó ń gba iná lára ògiri, tó ń pín in fún gbogbo ara tó kù nìyẹn. Bàbá, irú kékeré ni kẹ́ ẹ rà o, ti ńlá ò ní wọ ibí. Agbára iná ọ̀ọ́dúnrún wáàtì ti tó iṣẹ́ tí màmá ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gàǹgà tàn yín jẹ."

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

"Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ní òdìkejì títì."

Kò-Dá-Mi-Lójú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó fẹnu sí ìyàwó rẹ̀ létí: "Òun àti onírùngbọ̀n yẹn ti jọ mọwọ́ ara wọn. Páńsá ò fura, páńsá jáná; àjà ò fura..."

"Bàbá wọn," ni ìyàwó dá a lẹ́nu dúró, "òjìji yín pàápàá, ẹ ń fura sí i. Ẹ bá mi ra nǹkan yìí kí n lè ṣiṣẹ́ mi."

Òun nìkan ló lọ rà á. Onírùngbọ̀n gbé méjì síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀ọ́dúnrún wáàtì sára ọ̀kan, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Èkejì ń dán, wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sí i lára, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Bàbá wò wọ́n títí, ó wá fa òṣùwọ̀n kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì. Ti aláwọ̀ pupa wúwo jù, ìyẹn ni pé nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé èèyàn lè purọ́, ìwọ̀n kì í purọ́. Ó wá yé e, bó ṣe rò: obìnrin yẹn fẹ́ kí òun ra èyí tó wọ́n jù kó lè rí tiẹ̀ níbẹ̀! Ló bá ra aláwọ̀ pupa.

Nígbà tó dé òkè, obìnrin náà gbà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fajú ro.

"Bàbá, n ò ní so eléyìí mọ́ kọ̀ǹpútà láì tú u wò."

"Kí lo fẹ́ tú nínú ohun tuntun?" Ó ti dá Bàbá lójú pé ṣe ni obìnrin náà fẹ́ yọ ojúlówó inú rẹ̀, kó fi àlòkù tiẹ̀ rọ́pò. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku.

Obìnrin náà tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ó ṣí ìdérí. Ìdajì inú àpótí náà ló ṣófo. Ní igun kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta sìmẹ́ǹtì kan, ó tó ẹ̀kúnwọ́, wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e.

Bàbá rántí gbogbo òjé tí àwọn ọlọ́jà fi ń mú ọjà wúwo, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ já kúrò lábẹ́ igbá òṣùwọ̀n wọn. Ọgbọ́n tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lé kiri ló wá gbá òun gan-an mú. Ojú tì í.

"Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ rẹ́ mi jẹ," ló sọ níkẹyìn. "Má bínú, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ojú yín ti sọ ọ́ fún mi látàárọ̀."

Ìbínú ló gbé Bàbá kọjá títì. Ó gbé òkúta náà kalẹ̀ síwájú onírùngbọ̀n. Ó ti múra ìjà sílẹ̀: bó bá sẹ́, ọlọ́pàá ni. Ṣùgbọ́n onírùngbọ̀n ò sẹ́. Ó wo òkúta náà, ó fa páálí jáde lábẹ́ káńtà, ó mú aláwọ̀ pupa mìíràn nínú rẹ̀, ó tú u. Òkúta. Ó tú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òkúta.

"Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti kó kúrò níbi tó wà," ló wí, ó sì jókòó wọ̀ọ̀.

Bàbá wojú rẹ̀ dáadáa, ojú tó fi ń wo àwọn òpùrọ́ láyé ọjọ́un, kò sì rí irọ́ níbẹ̀. Onírùngbọ̀n gbé ti ọ̀ọ́dúnrún fún un, kò gba àfikún kankan. Bàbá ò tíì lọ. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bèèrè irin ìtúnọ́ọ̀tì, àwọn méjèèjì sì jọ tú èyí tó kù nínú páálí náà, mọ́kànlá. Òkúta ló wà nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin náà so páwà páàkì kékeré náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná tàn. Nígbà tí tọkọtaya náà gbé e délé, ẹ̀rọ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewé sára aṣọ. Bàbá fà sẹ́yìn, ó tún padà wá, ó fọwọ́ kan àpótí náà bóyá ó ń gbóná.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ara rẹ̀ ò gbóná, kì í ṣe aláìsàn."

Lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù onírùngbọ̀n, àwọn òkúta náà tò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹni bá fẹ́ ra páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú, onírùngbọ̀n á ní kó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wò.