Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Mo rántí ìgbà tí mo gbà tọkàntọkàn pé ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ọpọlọ rẹ̀ ò jí. Ìkìrun ni mò ń gbé nígbà náà, Ìnísà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, kò sì sí ohun tí mo rò pé n ò mọ̀. Ọmọbìnrin ni ọmọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tó bá ń kàwé sókè, inú yín á dùn: kì í kánjú, kì í kọsẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kó ti mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa ìwé dé láàárín ìtàn, tí mo bi í pé kí ló rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, á wolẹ̀, á ní, "Ọlọ́run ló mọ̀, ma." Tí mo bá ní kí ló dé tí bàbá inú ìtàn fi dákẹ́, á ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, ma."

Ó ti féèlì kíláàsì yẹn lẹ́ẹ̀kan kí n tó débẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ tám kẹta, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gààrí ló ń yan tà.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Tó bá tún féèlì lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi tó wà l'Ékòó ló máa wá mú un, kó lọ máa bá a gbé ọmọ. N ò lè máa rán yunifọ́ọ̀mù fún ẹni tí ò kúrò lójú kan."

Ṣé ẹ mọ ohun tí à ń pè ní kó lọ máa báni gbé ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà sídìí ìwé mọ́. Àkàyé ló sì ń dá ọmọ náà padà, torí ẹni tí ò bá yege nínú àkàyé, wọn kì í gbé e sókè ní ilé-ìwé wa.

Ni mo bá wọ ṣòkòtò iṣẹ́. Mo gé àwòrán lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo ń bo apá kan mọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn yòókù ń pariwo ìdáhùn bíi pé wọ́n ń pín bisikíìtì. Òun kàn ń wo ọwọ́ mi. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà, ó wá ń jẹ mí lọ́kàn, torí ojú ọmọ yẹn kì í ṣe ojú ẹni tí kò mọ nǹkan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Òkukù, ni mo bá rí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Mo fẹ́ jókòó sórí àpótí kan.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀, ma. Èéfín máa tó yí síbẹ̀."

Kò pẹ́, èéfín yí síbẹ̀ lóòótọ́. Ó tún sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ púpọ̀, pé ẹ̀rọ ò ní lọ ẹ̀gẹ́ lónìí. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní bàbá tó ni ẹ̀rọ ti kọjá, aṣọ tó mọ́ ló wà lọ́rùn wọn, wọn ò sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání. Ẹnu yà mí.

"Ìwọ tó mọ gbogbo èyí, kí ló dé tí o kì í sọ ọ́ ní kíláàsì?"

"Èyí kì í ṣe ìwé, ma. Tí mo bá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé, irọ́ ni."

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gba ìwé tó fi kọ iṣẹ́ ní tám kìíní. Àkàyé kan wà níbẹ̀ nípa àgbẹ̀ tó bá ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní wíwó, tó rí ipa ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tó sì gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo wálé. Ìbéèrè náà ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé, "Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́." Ìwé ìdáhùn tí wọ́n fún àwa tíṣà sọ pé, "A kò sọ fún wa." Wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn ọmọ náà, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níbo lo ti rí èyí? Má parọ́ mọ́ ìwé." Èmi ni mo kọ ọ́.

Ojú tì mí gan-an. Tíṣà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ní ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n mo tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, kí oníkálùkù sọ ohun tí wọn ò kọ, kó ṣáà ti fi ohun tó rí nínú ìtàn tó fi sọ bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ náà tó la ẹnu, wúyẹ́wúyẹ́ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò dé. Ìtàn tí wọ́n mú wá dá lórí ìyá kan tó sin ọmọ rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, eruku sọ, ìyá náà fi etí gèlè bo ojú. Kí ló dé tó fi bo ojú? Ìwé ìdáhùn ní torí eruku ni. Ọmọ mi kọ ọ́ pé ó ń sunkún, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i. Máàkì méjì ni ìbéèrè yẹn, máàkì méjì náà ló sì kù kó fi yege. Mo pè é, mo ní kí ló rí.

"Ọkọ̀ ti lọ jìnnà, ma, kò tíì ṣí ojú. Bí màmá mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ Èkó tán."

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ dígí ojú wọn.

"Èmi náà rò pé eruku ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti wọ kíláàsì karùn-ún. Ó yíjú, ó fi aṣọ nu ojú, ó ní èéfín ni. Iná ti kú lábẹ́ agbada rẹ̀ tipẹ́. Mo ní èéfín máa ń dààmú ènìyàn lóòótọ́.

Ọmọ yẹn ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, èmi náà ti padà wá ń kọ́ni ní Ìkìrun. Tí mo bá gbé bírò pupa, mo máa ń dúró díẹ̀. Iye ọmọ tí mo ti fi pa lẹ́nu mọ́ kí n tó lọ sí Òkukù lọ́jọ́ Sátidé yẹn, n ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.