Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Babáwálé

Ní Sokodé, lẹ́bàá títì tó jáde lọ sí Tchamba, obìnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ti ọkùnrin ni. Ràhámátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Kambolé ni, inú ebè iṣu ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ọkọ rẹ̀, Nùrúdíìnì, bàbá Kàbírù ọmọ wọn, ni tapisíyè tí gbogbo awakọ̀ àdúgbò mọ̀. Òun ló ń rán awọ àga ọkọ̀, òun ló ń pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tó bá ti jẹrà. Ìyàwó ń bá a gé awọ, ó ń bá a ki fóòmù, títí iṣẹ́ náà fi wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Nùrúdíìnì kú, àwọn ẹbí ọkọ ní kó ta màṣíìnì ìránṣọ kó padà sí Kambolé. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí opó rẹ̀ parí, ó ṣí ìsọ̀, ó jókòó sídìí màṣíìnì, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́.

Etí òsì Ràhámátù kò gbọ́ nǹkan kan. Ibà líle kan ló bá a jà ní kékeré; nígbà tí ara yá, etí ọ̀tún nìkan ló bá ara yá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á yí sí ọ̀tún rẹ̀ kó tó la ẹnu. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tuntun tó wọ Sokodé fi bá a lára mu, ìyẹn iṣẹ́ pípa ariwo inú ọkọ̀.

Ọkọ̀ tó bá ti gbó, irin ara rẹ̀ a máa dún bí agbada òfìfo. Òkúta ọ̀nà á máa lu abẹ́ rẹ̀, táyà á máa hu, ẹni méjì tó jókòó tira wọn á sì máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Ràhámátù á tú àga, á ká kápẹ́ẹ̀tì, á bọ́ awọ inú ilẹ̀kùn títí irin á fi wà níhòòhò. Á fi ẹsáǹsì, ìyẹn epo ọkọ̀, nu ún kí ọ̀rá àti eruku kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò gé ohun dúdú kan tó dà bí ọ̀dà ojú títì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ń pè ní gùdúrọ́ọ̀nù. Á sá a sóòrùn kó rọ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, á sì fi irin kékeré tó ń yí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀. Orí ìyẹn ni fóòmù ń wà. Bó bá fi ìka kan irin tó ṣì wà níhòòhò, á dún gbọ̀n-ín. Bó bá kan èyí tó ti bò, á dún gbì, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ gbá ilẹ̀.

"Ó ti kú," ni yóò wí fún ara rẹ̀, á sì kọjá sí ibòmíràn.

Ìgbà ọyẹ́ ni Babáwálé gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Àgbàlagbà ni, onígbàgbọ́, ará Tchamba, tó ń fi ọkọ̀ akérò gígùn kan ná Kambolé sí Sokodé. Èrò àti iṣu ló ń kó, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà náà, òun ni wọ́n ń sáré pè, torí ẹni tó ń jẹ̀rora kò lè jókòó sórí alùpùpù. Ó ní kí Ràhámátù bo inú ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, pàápàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ràhámátù béèrè irú ariwo tí ilẹ̀kùn náà ń pa, torí bó bá jẹ́ ìdè ló tú, dídè ló yẹ kí wọ́n dè é, kì í ṣe bíbò. Babáwálé wolẹ̀. Ó ní ìró kan ṣáà ni.

Ràhámátù tú ilẹ̀kùn náà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, bóyá ẹ̀wọ̀n tàbí owó wẹ́wẹ́ ló já síbẹ̀. Kò rí nǹkan kan ju eruku pupa àti hóró àgbàdo tó ti gbẹ lọ. Ìdè le, irin kò sán. Ó bo gbogbo ọkọ̀ náà, ó sì fi ilẹ̀kùn yẹn ṣe ìkẹyìn.

Oòrùn ọ̀sán ń ràn nínú kùrukùru ọyẹ́ bí àwo funfun. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí í ṣe ẹ̀yà Tém ti ká ọjà wọn wọlé lọ sinmi, títì dá wáí. Ràhámátù wọ inú ọkọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀tún ti fóòmù ilẹ̀kùn kó lè rí ibi tó ń tẹ̀, etí tó ń gbọ́ sì dí pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n dé igbá lé e lórí. Nígbà náà ló gbọ́ ọ. Kó-kó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kó-kó. Ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn fi òrùka ọwọ́ kan irin, ẹni tí agbára rẹ̀ ti ń tán.

Ó gbé orí sókè, ó wo ìta. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó fọwọ́ kan etí rẹ̀ ló tó yé e pé etí òsì ni ìró náà gbà wọlé, etí tí kò tíì gbé nǹkan kan wá fún un láti kékeré. Irun ara rẹ̀ dìde. Ó ka Áyátù Kúrúsíyù inú Àlùkùránì, ó tẹ gùdúrọ́ọ̀nù tó kù mọ́lẹ̀, ó de awọ ilẹ̀kùn padà, ó sì jáde. Nígbà tí Babáwálé wá gbé ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan fún un. Ó rò pé bóyá àárẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí Babáwálé fi padà wá. Ó rù sí i. Kò bínú, ó jókòó sórí àga tí wọ́n tú kalẹ̀ nínú ìsọ̀, ó ń fi fìlà nu ojú.

"Ìyá Kàbírù," ló wí, "iṣẹ́ yín dára jù. Tẹ́lẹ̀, ariwo ọ̀nà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní báyìí tí ẹ ti lé àwọn yòókù lọ, èmi àti òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀."

Ràhámátù gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ń kan ilẹ̀kùn," ló wí. "Bí ẹni tó wọ òrùka."

Babáwálé wò ó títí. Kò tíì sọ ìyẹn fún un rí. Ìgbà náà ló wá rọ́ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ní àsìkò òjò tó kọjá ni wọ́n gbé Sèínábù, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Kambolé, sínú ọkọ̀ rẹ̀. Inú ló ń run ún, ara rẹ̀ ti tutù, ilé ìwòsàn Sokodé ni wọ́n ń gbé e lọ. Láàárín Kambolé àti Tchamba, aba kan wà lẹ́yìn igi ẹmi ńlá kan, irú èyí tí ń so èso òrí, ibẹ̀ ni ìyá tó bí Sèínábù ń gbé. Nígbà tí wọ́n dé igi náà, aláìsàn fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, òun fẹ́ rí ìyá òun. Babáwálé dá a lóhùn pé kó fara dà á, pé bí àwọn bá ń bọ̀, àwọn á dúró. Ó ń kan ilẹ̀kùn náà títí wọ́n fi kọjá Tchamba, kó tó dákẹ́. Ilé ìwòsàn gbà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Ọkọ̀ Babáwálé sì ti bàjẹ́ ní Sokodé, ọkọ̀ mìíràn ló gbé òkú lọ, Kambolé ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ̀ yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ igi ẹmi, kò dúró.

"Ẹ̀mí rẹ̀ ni mò ń sáré fún," ni Babáwálé wí.

Ràhámátù mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti ìsọ̀, ó wé ìborí rẹ̀ dáadáa, ó ní kí àwọn jọ lọ sí ìdí igi ẹmi náà.

Wọ́n kọjá Tchamba nígbà tí àwọn oníṣu ṣì ń to ọjà. Lẹ́yìn ìlú, kùrukùru gba ojú ọ̀nà, àwọn igi ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dúró de èèyàn. Inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Ràhámátù rí i pé òkúta ń ta lábẹ́ táyà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á. Ètè Babáwálé ń mì sí àdúrà.

Igi ẹmi náà yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Kó-kó.

Ràhámátù fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún. Ìró náà kò dín. Ohùn kan tẹ̀ lé e, ohùn obìnrin, jẹ́jẹ́, láìbínú, bí ẹni tó ti sọ ohun kan náà títí ó fi sú u: "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbí."

"Ẹ dúró, Bàbá," ni Ràhámátù wí.

"Ta ló fẹ́ sọ̀ níbí?"

"Ẹ ṣáà dúró. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó dúró."

Babáwálé tẹ bíréèkì. Ràhámátù sọ̀kalẹ̀, ó rìn yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ká, ó ṣí ilẹ̀kùn òsì gbagada, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èèyàn ti ń yẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Àga ibẹ̀ ṣófo.

"A ti débẹ̀, arábìnrin mi," ló wí. "Ẹ rọra."

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà, tí kò gbé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ sí òsì láti Sokodé wá, dìde. Kò yára. Irin tó gbé e ró dún wìn-ìn, ara rẹ̀ ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dọ́gba. Afẹ́fẹ́ tútù kan kọjá níwájú ìgbáròkó Ràhámátù. Àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà aba náà dẹ́kun jíjẹ. Wọ́n gbé orí sókè, gbogbo wọn jọ ń wo ibì kan náà, orí wọn sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀bá ọkọ̀ títí dé ibi tí ọ̀nà náà ti wọ inú oko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí koríko.

Babáwálé ti sọ̀kalẹ̀. Ó di apá ọkọ̀ mú. Ràhámátù ní àwọn kò lè yípadà báyẹn láìkí ìyá ọmọ. Wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Kò sí ojú ẹsẹ̀ nínú eruku ju ti ewúrẹ́ lọ.

Sìkírátù, ìyá Sèínábù, jókòó sórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bó àgbàdo. Arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Ẹní kejì wà níwájú rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, igbá omi sì wà létí ẹní náà, omi inú rẹ̀ ṣì ń mì. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́ lọ́nà," ni arúgbó náà wí, kò gbé orí sókè.

Babáwálé dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń dí mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rírun, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tó bàjẹ́. Sìkírátù jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó gbọn èèpo àgbàdo kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá," ló wí. "Ó ti wí fún mi pé torí ẹ̀mí òun lẹ ṣe ń sáré."

Babáwálé dìde, ó gbọn eruku kúrò lára. Ràhámátù ń wo omi inú igbá náà títí ó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Arúgbó fún wọn ní omi tiwọn, nínú igbá mìíràn, wọ́n mu, wọ́n kí i, wọ́n padà sọ́nà.

Nínú ọkọ̀, etí òsì Ràhámátù ti padà sí bó ṣe wà. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, nígbà yẹn àti lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tí Babáwálé fẹ́ yí orí ọkọ̀ padà sí Sokodé, Ràhámátù ní kó má yí i. Kambolé kò jìnnà mọ́. Ìyá tirẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò tíì rí láti ìgbà tí wọ́n ti sin Nùrúdíìnì, torí iṣẹ́ kì í tán. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn yà kí wọn ni. Ó bá wọn bó iṣu, ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ bíi ti àtijọ́, kò sì yára padà sí ìsọ̀.

Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Babáwálé mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó yà sí ìsọ̀ Ràhámátù láti sọ fún un pé Sìkírátù ti kú. Àwọn ará aba sọ pé ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, oúnjẹ ẹni méjì ni arúgbó náà ń sè, ó sì ń tàkúrọ̀sọ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ ló wọlé lọ kí i láàárọ̀, tó bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ tutù, bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ẹní kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ká a, ó fọwọ́ kàn án, ó bá a pé ó ṣì gbóná.

Ràhámátù béèrè ẹni tó padà ká ẹní náà.

Babáwálé ní kò sí ẹni tó ká a. Wọ́n wẹ arúgbó, wọ́n sin ín, wọ́n sì fi ẹní náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ràhámátù bu omi fún un. Nígbà tó lọ tán, ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń ṣe lọ́wọ́, torí oòrùn ti yọ lẹ́yìn òjò, gùdúrọ́ọ̀nù tó sá sílẹ̀ sì ti rọ̀ tó.