Àwọn Àga Inú Yàrá Ìyá Ẹgbẹ́

Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n ìjọba ló gbé mi lọ sí Bésé, ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, láyé ìgbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Mo di ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ gbé mi dé abúlé. Nígbà náà, "kámáràdì" ni a gbọ́dọ̀ máa pe ara wa lójú àwọn aláṣẹ. Láàárọ̀, bí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á kígbe pé àwọn ti ṣetán fún ìyípadà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á jókòó sórí òkúta.

Ẹ má rò pé mo ń ṣe àwàdà. Òkúta ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pẹlẹbẹ, tí bàbá rẹ̀ gbé wá láti ẹsẹ̀ òkè. Bí ọyẹ́ bá mú, òkúta náà á tutù débi pé àwọn ọmọ á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n lọ sáré yí igi ká kí ara wọn lè gbóná.

Àìsí àga kọ́ ló dùn mí jù. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní kíláàsì kẹfà, níbi tí ọmọ ti ń ṣe ìdánwò sẹ̀tífíkà, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá parí ìkarùn-ún, Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń lọ, á máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, oko ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún lọ́dún tí mò ń wí yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti di ìyá àgbà, ojú á sì tì í. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, òun ló sì ń tọ́ àbúrò náà. Á pọ̀n ọ́n wá, á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta rẹ̀, á máa ṣe ìṣirò, á sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ mì ín jẹ́jẹ́ kó lè sùn. Ìṣirò rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ nínú oko iṣu.

"Bàbá, ọmọ yìí mọ̀wé o. Ẹ jẹ́ kó lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Kò dá ọkọ́ dúró. "Mẹ́tìrì," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn, "bó bá lọ, ta ni yóò bá mi wo èyí kékeré? Ẹ̀yin ni?"

Ó kọ ebè kan sí i.

"N kò bá ìwé jà," ó ní. "Bí ẹ bá ní kíláàsì yín níbí, á lọ. Bí kò bá sí níbí, kò lọ. Ọ̀rọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà kò burú. Òun àti àwọn ará abúlé ti mọ ògiri kíláàsì kẹfà náà tán, amọ̀ pupa, ó dúró dáadáa. Òrùlé ni kò sí. Bí òjò bá sì bá ògiri amọ̀ láìní òrùlé, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa rí.

Ní Kútọ̀nú, àwọn ọmọ ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó ara wọn jọ. Wọ́n ń dá díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ń ran àwọn ẹgbẹ́ kékeré nílé lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra ìwé fún ọmọ. Ìrànwọ́ náà kì í pọ̀, ó sì ní òfin kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdajì ránṣẹ́, wọ́n á rán ẹnìkan wá wò ó bóyá à ń lò ó. Bó bá tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, ìdajì kejì á tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Bésé la fi béèrè. Àga àti tábìlì fún àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa. Páànù fún òrùlé ni ìkejì.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kó àwọn àga dé, ayọ̀ gba abúlé. Àwọn ìyá gbé wọn lérí, orin ń lọ, wọ́n sì kọjá ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni tí kò rí i. Mo sáré tẹ̀lé wọn.

"Ìyá, ẹ ti kọjá ilé ẹ̀kọ́ o!"

Ìyá Ẹgbẹ́ ló dá mi lóhùn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "A rí i. Ojú wa kò fọ́."

"Níbo lẹ wá ń kó wọn lọ?"

"Yàrá mi. Ṣé àwọn tó fún wa ti wá? Ṣé a ti dúpẹ́?"

"Mo ti kọ lẹ́tà ọpẹ́, Ìyá."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Mẹ́tìrì ará Kétu! Ṣé bébà ló ń bá yín kúnlẹ̀ ní Kétu?"

Bí mo ṣe wá mọ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í lo ẹ̀bùn títí wọ́n á fi rí ojú ẹni tó fún wọn, kí wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyàwó tí ẹbí ọkọ bá fún ní aṣọ, á ká a sínú àpótí títí yóò fi lọ kí wọn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lo nǹkan kó tó dúpẹ́, bí ẹni tó jí i ni.

Àwọn àga sì wọ yàrá. Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá ń wá fi òrí pa igi wọn nítorí ikán, wọ́n sì fi aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí wọn bò wọ́n. Ọdún dé, mo rí wọn pẹ̀lú aṣọ àlòkù lára, aṣọ ọdún wà lórí àga. Kí ni mo fẹ́ bá irú wọn jà sí? Mo mú àwọn ọmọ lọ wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan na ọwọ́, ó kan etí tábìlì kan, ó yára fà á padà, ó sì gbóòórùn ìka rẹ̀.

Dẹlẹgé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé, gbìyànjú tirẹ̀. Ó dé fìlà, ó dúró gangan.

"Kámáràdì Ìyá, ìyípadà kò fẹ́ kí ohun èlò jókòó lásán."

"Ìyípadà ló fún wa ni?"

"Rárá o, ṣùgbọ́n—"

"Lọ́jọ́ tí mo fún ọ lọ́mú, tí ìyá rẹ kò tètè ti oko dé, ṣé kámáràdì ni mo jẹ́ fún ọ?"

Dẹlẹgé ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá wa." Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ọyẹ́ ń parí lọ, kájú ti ń pọ́n, nígbà tí ẹni tí wọ́n rán láti Kútọ̀nú dé láìròtẹ́lẹ̀, lórí mobilẹ́tì, alùpùpù kékeré kan tó yá ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ yà sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú eruku lójú, ó wo àwọn ọmọ lórí òkúta.

"Kámáràdì Mẹ́tìrì, àga dà?"

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń dà bí irọ́ létí èmi fúnra mi.

"Ẹ ti tà wọ́n ni?"

"Ká má rí i! Wọ́n wà ní yàrá Ìyá Ẹgbẹ́."

"Òkúta ni mo bá, òkúta ni màá sọ. Ọkọ̀ ojú irin mi á kọjá lálẹ́ yìí."

Ọmọbìnrin yẹn gbọ́. Ó tẹ orí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mi àbúrò rẹ̀ mọ́.

Mo mú ọkùnrin náà lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ ń yan gàrí lọ́wọ́. Mo ní ará Kútọ̀nú ló dé. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi igbá tó fi ń rò ó sílẹ̀, ó ké sí àwọn yòókù. Wọ́n dé tòun ti èéfín lójú, wọ́n sì kúnlẹ̀ nínú eruku kí ọkùnrin náà tó la ẹnu.

"Ẹ dìde, Ìyá. Ìbéèrè mi ni pé—"

"A kò tíì parí."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i, lọ́wọ́ aya tó fún un láyè láti dá lára owó oúnjẹ, lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ aya yẹn ló mú un. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, òun náà lóṣòó síwájú wọn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ìyá Ẹgbẹ́ wá ṣílẹ̀kùn. Ó ń ká aṣọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, igi sì ń dán lábẹ́ wọn.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tó dìde, òrí ti ya àwòrán àga sí ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Kútọ̀nú á mọ̀ pé o dé ọ̀dọ̀ wa!" Òun gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Ìyá, òfin ni pé kí n rí i pé ẹ ń lò ó. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ṣé a ti dúpẹ́?"

"Ẹ ti dúpẹ́."

"Ó tán. Dúró kó o rí i."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo abúlé ló ru àga. Àwọn ọmọ fi iyanrìn àti eérú fọ òrí kúrò. Wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ àwọn kékeré kò kanlẹ̀. Mo fi ògiri tí kò lórùlé han àlejò náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn fún un. Ó wo àbúrò tó ti sùn lórí àga.

"N kò lè ṣèlérí," ó ní. "Àwa pọ̀ tí a ó jọ sọ ọ́."

A dúró, ojú sánmọ̀ ń ṣú. Àwọn ọkùnrin fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ògiri kí òjò àkọ́rọ̀ má bà á jẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé wọ́n ti jiyàn gidi ní Kútọ̀nú, pé àwọn kan ní ẹni tó gbé àga pamọ́ kò yẹ fún páànù. Ìdajì páànù ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó bo apá ibi tí pátákó wà. Apá kejì, koríko ni àwọn bàbá fi bò ó, bàbá ọmọbìnrin náà sì wà lára àwọn tó gun orí òrùlé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan nípa ọmọ rẹ̀, èmi náà kò bi í.

Àárọ̀ tí a ṣí kíláàsì kẹfà, àwọn ọmọ wọlé, ọmọbìnrin náà kò sí lára wọn. Mo ṣí ìwé orúkọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Mo rọra ń pè wọ́n, kí n má tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó wà!"

Láti ojú fèrèsé ni. Bàbá rẹ̀ ni, ọkọ́ lọ́wọ́, èyí kékeré gun èjìká rẹ̀, ó di irun rẹ̀ mú.

"Ó wà, Mẹ́tìrì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń fọ ẹsẹ̀ ni, ó ní òun kò ní gbé ẹrẹ̀ wọ kíláàsì tuntun."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ojú fèrèsé.

"Má wo ibí," bàbá rẹ̀ ní. "Oko lèmi àti èyí ń lọ."