Oríkèé Tí Ọ̀gá Lẹ̀ Pọ̀

Bí àǹtí mi bá bínú, imú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bọ́ ẹran kúrò lára àwọn ẹja inú àpáta iyùn ìsàlẹ̀ òkun, tó ń to eegun wọn sínú páálí ní yàrá ìwádìí. Ológbò Àgbà là ń pè é nílé.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, mo bá a tó ń mi páálí mọ́ ọ̀gá rẹ̀ tuntun lójú.

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni, mà," ni ọ̀gá wí. " Eegun àgbọ̀n mẹ́tàlélógún ló ṣẹ́ láàárín. Mo fi gúlù lẹ̀ wọ́n."

"Ṣẹ́ kẹ̀! Oríkèé ni! Ẹja tí kò ní in, ohun tó ń léfòó ló ń gbé mì. Èyí tó ní in ń la ẹnu gbàràgàdà, ó ń ha ewé lára òkúta. Bí ẹnu wọn ṣe yàtọ̀ ni kálukú fi wá oúnjẹ tirẹ̀, tí ìdílé kan fi di ọ̀pọ̀. Lọ́jọ́rú ni àwọn olùwádìí ń bọ̀ wá wọn bí àgbọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe ń là tó. Kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀n báyìí?"

Ọ̀gá nawọ́ mú ife tíì rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ na apá yín tọ́ọ́rọ́. Ẹ má ká ìgbọ̀nwọ́ o. Ẹ wá mu tíì yín."

Tíì dà sí i láyà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àǹtí wò mí, mo gbé ẹ̀rín mì.

Mo yọ ìgò kan nínú báàgì mi. "Ohun tó ń tú gúlù èékánná àtọwọ́dá mi nìyí, àǹtí."

"Èékánná àwòdì yẹn?" Ó já ìgò gbà, kò tiẹ̀ dúpẹ́.

Àwa mẹ́ta jókòó, à ń fi òwú kán an sí àwọn oríkèé náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ogún ti ń là, wọ́n ń pa dé. Mẹ́ta ṣẹ́, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé inú páálí ni wọ́n ti ṣẹ́," ni ọ̀gá bẹ̀ ẹ́.

"Kí n wá purọ́ mọ́ òkú ẹja? Ẹ ò ní tìjú!"

Ó mú bébà kan fún àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà, ó kọ ọ́ sí i pé: *Kò ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ló fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má wọ̀n ọ́n.* Ó ti bírò sí ọ̀gá. Ọ̀gá bọwọ́ lù ú.

"Ó ku méjì," ni àǹtí mi wí.