Ẹni Tó Tún Ọ̀pá Ìpẹja Bàbá Wa Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ni ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá, akọ̀wé ìjọba ni bàbá wa ní Ìlọrin níbí, wọ́n sì ní ọ̀pá ìpẹja kan tí a fi ọparun ṣe, tí ọ̀gá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rí irú rẹ̀ rí. Àwọn òrùka kéékèèké wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí, tí okùn ìwọ̀ ń gba inú wọn kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn òrùka náà ti dípẹtà, fáníìṣì ara rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bàbá wa ní ẹni tó bá tún un ṣe ni àwọn yóò máa mú lọ sí Odò Asà ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n dojú kọ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, àmọ́ etí tèmi náà gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é lẹ́yìn ilé. Mo fi abẹ gé òwú àtijọ́ tó so àwọn òrùka mọ́ ọ̀pá, mo yọ wọ́n, mo wá gbé ojú abẹ náà dúró, mo ń ha fáníìṣì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ kánjú. Bí abẹ bá wọ ara ọparun, ó parí nìyẹn. N kò rí òrùka tuntun, ni mo bá mú àwọn pín-ìn-nì tí ìyá mi fi ń so aṣọ, mo ṣẹ́ wọn, mo lo ibi tí wáyà wọn ti ká. Òwú tí a fi ń di irun ni mo fi dì wọ́n mọ́ ọ̀pá, bí a ṣe ń di irun gan-an: kí òwú fara ti òwú, kí a fi ìparí rẹ̀ pamọ́ sábẹ́, láìta kókó. Nígbà tí mo parí, mo di ojú kan, mo fi ìkejì wò ó láti ìdí: àwọn òrùka náà wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo gé gbogbo rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ló fún mi ní fáníìṣì tuntun.

Ọjọ́ tí fáníìṣì tí mo fi kùn ún gbẹ, mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọ̀pá náà lé bàbá wa lọ́wọ́.

"O káre, ọmọ mi! Ọwọ́ ọ̀gá nìyí," ni wọ́n ń wí fún un.

Mo sọ garawa kalẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ wo? Ìwọ tí iyán rẹ ṣì ń ní kókó?"

Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo Sátidé ni àwọn méjèèjì ń lọ sódò. Èmi ni mo ń ha ìpẹ́ ẹja tí wọ́n bá pa bọ̀.

Mo di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo fẹ̀yìn tì. Bàbá wa papò dà. Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ mi, ó ti sú mi.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá náà wá sílé mi lẹ́yìn Táíwò Road. Òwú mi ti jẹrà. Ó fẹ́ kí n tún un ṣe, kí ó lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dá, màá ṣe é," mo ní, "àmọ́ lójú ọmọ yín, ẹ ó fẹnu ara yín sọ ẹni tó ṣe é nígbà náà."

Ó gbé ọ̀pá náà ti ògiri, ó lọ.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ha fáníìṣì nìkan. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló fi fóònù ra òrùka tuntun, wọ́n gbé e wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ayé ti yí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọmọ náà ń kọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè iyán. Odò Asà tí àwọn bàbá ń kó ọmọkùnrin lọ, àwọn ọ̀rá tí wọ́n jù nù ló kún un. Inú mi dùn fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni màá pa bí mo bá ní kò dùn mí pé ìgbà tèmi kò rí bẹ́ẹ̀.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi àti àkọ́bí rẹ̀ wá gbé e. Mo di ọ̀pá náà mú, n kò fi lé e lọ́wọ́.

"Àǹtí yín ló ṣe é, kì í ṣe èmi," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: "Bàbá mọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, kí a tó dé odò, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, pé bí a bá gbà pé ìwọ ni, a ó ní láti máa mú ọ dání."