Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Mi

Títí di òní, bí mo bá rántí omi gbígbóná yẹn, inú a máa bí mi. Ìsọlọ̀ là ń gbé, nígbà tí wọ́n ní owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú, tí àwa sì ń tò láti àárọ̀ kùtù nítorí kẹrosíìnì gálọ́ọ̀nù kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, ìyá mi sì wá láti Ìkirè wá bá mi wẹ̀ ẹ́.

Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo àwa ayálégbé jọ ń lò. Bí omi mi bá ti hó, màá pa sítóòfù, màá lọ fa omi tútù ní kànga. Ìyá mi á wá pò ó: abọ́ kan gbígbóná, abọ́ mẹ́rin tútù, á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ ọmọ.

Nígbà tó yá, omi náà kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ìyá mi á ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, á ní, "O kì í jẹ́ kó hó. Ọ̀lẹ ni ọ́." Ikọ́ mú ọmọ mi, èmi ni wọ́n sì dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kan mo yára dé láti kànga. Ìkòkò mi kún dé ẹnu, àmọ́ kò rú èéfín kankan. Ìyàwó onílé ló ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sílé ìwẹ̀, ooru ń rú lójú ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe omi mi nìyẹn?"

Ó ní, "Mo ti bu tútù dípò ẹ̀. Omi rẹ dín ni?"

"Kò dín mà. Iná tí mo fi sè é lẹ gbé lọ. Kẹrosíìnì mi lẹ fi ń wẹ̀, òtútù sì ń pa ọmọ mi."

Ó pariwo pé mo bú òun. Onílé jáde, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo wo ìyá mi. Òun náà ní, "Kúnlẹ̀, àgbà ni wọ́n." Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ara abiyamọ tuntun. Mo tọrọ àforíjì lẹ́nu, inú mi ń hó.

Nígbà tí ọkọ mi ti ilé iṣẹ́ dé tó gbọ́, ó ní a ó kó kúrò níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, a ti rí yàrá kan ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù, ìyàwó onílé ránṣẹ́ pé kí n wá dágbére fún òun. N kò lọ.